Abẹ́rẹ́ Inú Ojú: Ìtàn Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ó Di Ọyún

Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ kan pé dókítà fẹ́ gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ nínú ẹyinjú gan-an, kì í ṣe ní apá, kì í ṣe ní ìdí, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" A kò lè bá a wí. Ẹyinjú kì í ṣe ibi tí à ń fi ohun mímú ṣeré sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ti ń wọ inú ilé wa, láti Itele dé Ṣàngó-Ọ̀tà, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé òṣìṣẹ́. Bí ó bá pẹ́ lára ènìyàn, a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó wà lẹ́yìn ojú jẹ́. Àwọn iṣan náà yóò máa jò, wọn yóò sì máa yọ ẹ̀ka tí kò yẹ kí wọ́n yọ, títí ìríran yóò fi máa di bàìbàì. Oògùn tí ó lè dá a dúró wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń fi omi gbé mì. Inú omi kíkì tí ó kún ẹyinjú ni a ní láti fi abẹ́rẹ́ fà á sí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹlòmíràn yóò gbà á lóṣooṣù fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè tí gbogbo ẹbí máa ń béèrè ni pé, "Ṣé abẹ́rẹ́ náà kò ní fọ́ ọ lójú?" Ìtàn lè dá wa lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ọmọ ènìyàn ti mọ bí a ti í ki abẹ́rẹ́ bọ ẹyinjú kí a sì yọ ọ́ padà. Ohun tí ó pẹ́ púpọ̀ kí a tó mọ̀ ni bí a ó ti ṣe é tí ẹ̀gbin kò fi ní bá abẹ́rẹ́ wọlé. Láàárín ìmọ̀ kìíní àti ìmọ̀ kejì yìí, ojú àìmọye ènìyàn ti lọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ní nǹkan bí ọdún 1000, oníṣègùn ojú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ammar ibn Ali al-Mawsili. Mósúlì ní ilẹ̀ Ìráàkì ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íjíbítì ni ó ti ṣiṣẹ́, ní ayé Kálífà al-Hakim, ẹni tí ó jọba láti ọdún 996 sí ọdún 1021. Àrùn tí ó gba àwọn oníṣègùn ojú lọ́kàn jù ní ayé ìgbà náà ni katarákítì, ìyẹn ni pé kí dígí inú ojú di funfun bí ẹni pé wọ́n ta wàrà sí i, tí àgbàlagbà kò fi ní lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ bí kò ṣe pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ayé àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ti ń ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, tí wọn a fi ti dígí funfun náà ṣubú sí ìsàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Ammar ní tirẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ onírin tí ó ní ihò nínú, ó ń fi í fa katarákítì tí ó bá rọ̀ jáde. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì ròyìn àwọn aláìsàn tí ó tọ́jú àti bí ọ̀rọ̀ wọn ti rí. Ní Bàgídáàdì, ní nǹkan bí àkókò yìí kan náà, Ali ibn Isa kọ ìwé tirẹ̀, Tadhkirat al-Kahhalin, tí àwọn oníṣègùn ojú ń kà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí wọ́n sì túmọ̀ sí èdè Látìn fún àwọn ará Yúróòpù.

A kò sọ èyí láti fọ́nnu. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kíyè sí ni pé abẹ́rẹ́ oníhò tí ó ń wọ inú ẹyinjú kì í ṣe àrà tuntun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Apá ibi tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń gún náà, nínú funfun ojú, níwọ̀n mìlímítà mẹ́rin sí etí dúdú ojú, kò jìnnà sí ibi tí dókítà ń gún lónìí. Wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ lè gbà tí kò fi ní ba ohun iyebíye jẹ́. Ọwọ́ wọn dá, ojú wọn mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ní gbogbo ayé ìgbà náà, ìbáà ṣe Lárúbáwá, ìbáà ṣe Gíríìkì, ìbáà ṣe ará Íńdíà, tí ó mọ̀ pé àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé lórí irun ìpéǹpéjú ènìyàn, tí wọ́n sì lè gun orí abẹ́rẹ́ wọlé bí èrò ti ń gun ọkọ̀.

Bí wọ́n bá sì ti wọlé tán, inú ẹyinjú dára fún wọn ju ibikíbi lọ. Omi tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣàn lọ ṣàn bọ̀ bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú ojú lè kún fún ọyún. Ojú tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún ọyún báyìí lè fọ́ pátápátá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àtijọ́ yìí kò tíì kú nílẹ̀ wa. Àwọn kan ṣì ń ti ìlú dé ìlú, pàápàá jù lọ ní Òkè Ọya, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti katarákítì ṣubú fún àwọn àgbàlagbà. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn oníṣègùn lọ káàkiri Nàìjíríà láti yẹ ojú àwọn ènìyàn wò. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 13,000, gbogbo wọn sì ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ katarákítì sí, ó lé ní 40 nínú 100 tí ó jẹ́ pé alábẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ni ó ṣe é, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Nínú àwọn ojú tí alábẹ́rẹ́ ṣe yìí, ó lé ní 70 nínú 100 tí wọ́n bá ní fífọ́. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe ọyún nìkan ni ó fọ́ wọn o. Dígí tí a tì ṣubú sínú ojú lè mú kí ojú le gandi láti inú, ó sì lè ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a nù mọ́ ẹ̀wù, tí a sì kì bọ ojú ẹlòmíràn, iṣẹ́ ti rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí máa lọ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é, àgbàlagbà náà lè ríran díẹ̀. Àríyá a bẹ̀rẹ̀, owó a yí ọwọ́ padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, alábẹ́rẹ́ ti dé ìlú mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọdún 1750, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Taylor, tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kiri Yúróòpù tí ó ń polówó ara rẹ̀, dé ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ojú gbajúgbajà olórin kan, Johann Sebastian Bach, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú Bach fọ́ pátápátá, ara rẹ̀ kò sì yá mọ́ títí ó fi kú ní oṣù keje ọdún náà. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n yẹ ìtàn rẹ̀ wò lẹ́yìn náà rò ó pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti bá abẹ́rẹ́ wọlé. Ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa Taylor ni pé a máa pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe tú aṣọ tí òun dì mọ́ ojú aláìsàn títí di ọjọ́ mélòó kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, òun ti kúrò nílùú.

Ìlú Leipzig yìí kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ tàn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba 130 ọdún. Ní àkókò náà, ọmọ tuntun púpọ̀ ni ojú wọn máa ń wú tí yóò sì máa ṣe ọyún láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí wọn, nítorí kòkòrò àrùn àtọ̀sí tí ó wà ní ojú ara ìyá wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń dàgbà di afọ́jú. Ní ọdún 1880, dókítà kan tí ń jẹ́ Carl Credé bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi oògùn kan tí wọ́n ṣe láti ara fàdákà sí ojú gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ni ojú wọn ń ṣe ọyún ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò tó ẹyọ kan. Ẹ kíyè sí ohun tí Credé ṣe: kò dúró kí àrùn dé kí ó tó wá oògùn. Ó lọ pàdé kòkòrò ní ẹnu ọ̀nà. Ṣáájú rẹ̀, Semmelweis ti sọ fún àwọn dókítà ní Vienna ní ọdún 1847 pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláboyún, ọ̀pọ̀ wọn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lister náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn apakòkòrò fọ ojú ọgbẹ́, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1867.

Fàdákà ti Credé yìí ní àléébù. A máa ta ojú ọmọ, a sì máa mú kí ó pọ́n. Ohun tí ó wá gba ipò rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá: áyódìn ni. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Bernard Courtois ni ó rí i ní ọdún 1811, nínú eérú koríko inú òkun. Tẹni tí ó bá ti fara pa rí nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n: omi pupa rúsúrúsú tí wọ́n máa ń fi nu egbò, tí ọmọdé a sì figbe bọnu. Áyódìn ayé àtijọ́ yìí le jù fún ojú. Ní ọdún 1955 ni wọ́n rí ọ̀nà láti so ó mọ́ ohun mìíràn tí yóò máa jẹ́ kí ó jáde díẹ̀díẹ̀, tí kò fi ní máa ta ara tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní povidone-iodine, ó sì wà ní ilé ìwòsàn káàkiri títí di òní. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, dókítà méjì ní Los Angeles, Leonard Apt àti Sherwin Isenberg, fi hàn pé bí a bá fi omi pò ó tó bí ó ti yẹ, a lè kán an sínú ojú gan-an ṣáájú iṣẹ́ abẹ, yóò sì pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ láìba ojú jẹ́.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ náà wá dájú. Nínú oṣù díẹ̀, àwọn oníṣègùn ní New York gbé ìwádìí méjì jáde. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n mú kòkòrò tí wọ́n bá nínú ọyún ẹyinjú àwọn ènìyàn 17 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, wọ́n sì fi wé kòkòrò tí ó wà ní ìpéǹpéjú àti imú àwọn ènìyàn náà fúnra wọn. Nínú 14 nínú àwọn 17 yìí, kòkòrò kan náà ni. Ìyẹn ni pé ọ̀tá kò ti òkèèrè wá. Ilé ni ó wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí kejì, wọ́n pín yàrá iṣẹ́ abẹ sí méjì. Ní apá kan wọ́n ń kán povidone-iodine sójú, ní apá kejì wọ́n ń kán oògùn oní-fàdákà. Iṣẹ́ abẹ tí ó lé ní 8,000 ni wọ́n kà. Ọyún inú ojú ní apá oní-fàdákà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti apá oní-áyódìn.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà kó ipa nínú ìtàn yìí. Isenberg àti Apt kan náà gbé áyódìn wọn lọ sí ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n sì kán an sí ojú ọmọ tuntun. Ọmọ 3,117 ni wọ́n tẹ̀lé ojú wọn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1995: áyódìn ṣe dáadáa ju fàdákà ti Credé lọ, ó sì dára ju oògùn apakòkòrò olówó ńlá tí wọ́n fi wé e. Ó tún wọ́n lówó díẹ̀ péré. Ó dùn mọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìmọ̀ ìṣègùn tí ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí apá mẹ̀kúnnù ká.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, abẹ́rẹ́ inú ojú kò tíì wọ́pọ̀. Àwọn tí ojú wọn bá ti ṣe ọyún tán ni wọ́n sábà ń gún, a ó sì padà sí tiwọn. Ìyípadà dé ní ọdún 2004, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ nínú irú àwọn tí ń dá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ dúró lẹ́yìn ojú. Ní ọdún 2005, Dókítà Philip Rosenfeld ní Miami gbìyànjú oògùn kan tí wọ́n ṣe fún àrùn jẹjẹrẹ ìfun, bevacizumab, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Avastin, ó fa ìwọ̀n kín-ún sínú ojú, ó sì ṣiṣẹ́. Nítorí pé ìgò kan lè tó ọ̀pọ̀ ojú, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣaláìní. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ inú ojú ti di ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ojú ńláńlá, tiwa pẹ̀lú.

Báwo ni ewu rẹ̀ ti tó? Ní ọdún 2011, Dókítà Colin McCannel ní Los Angeles kó ìròyìn abẹ́rẹ́ 105,536 jọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú 52 ni ó ṣe ọyún, ẹyọ kan nínú nǹkan bí 2,000. Ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ 20, ewu tirẹ̀ ti di ẹyọ kan nínú nǹkan bí 100. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìmọ́tótó ní ìgbà ogún, bí aláìsàn náà tilẹ̀ ti di ará ilé. McCannel tún kíyè sí ohun kan. Kòkòrò irú èyí tí ń gbé inú itọ́ ẹnu pọ̀ nínú ọyún tí ó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ. Kí ni ẹnu wá ṣe níbẹ̀? Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo ènìyàn ló bo imú àti ẹnu. Lórí àga abẹ́rẹ́, aláìsàn ń béèrè ọ̀rọ̀, dókítà ń dáhùn, ọmọ tí ó sin ìyá wá ń sọ pé, "Màámi, ẹ má bẹ̀rù." Àwọn oníwàádìí kan ní Amẹ́ríkà dán èyí wò ní ọdún kan náà: wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa kàwé sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àwo tí kòkòrò lè hù lórí rẹ̀. Àwo àwọn tí ó sọ̀rọ̀ hu kòkòrò gan-an. Tí àwọn tí ó dákẹ́ tàbí tí ó bo ẹnu kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hu nǹkan.

Nítorí náà ohun tí ó yẹ kí ẹbí retí lọ́jọ́ náà kò ṣòroó sọ. Wọn yóò kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dunni. Wọn yóò fi áyódìn nu ìpéǹpéjú, wọn yóò sì kán an sínú ojú fúnra rẹ̀, wọn yóò dúró díẹ̀ kí ó ṣiṣẹ́. Bí oògùn ìdánilára náà bá jẹ́ èyí tí ó kì bí òróró, áyódìn ni ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé òróró lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀ kí áyódìn má rí wọn. Wọn yóò fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú kí irun rẹ̀ má baà kan abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹnu yóò dákẹ́. Abẹ́rẹ́ náà kò gba ìṣẹ́jú. Oògùn apakòkòrò tí à ń kán fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé, kò tíì hàn pé ó ń ṣe àǹfààní. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ó tún òfin iṣẹ́ yìí kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014 kò kà á sí dandan. Àǹfààní kékeré kọ́ ni èyí jẹ́ fún àpò aláìsàn.

Mùsùlùmí tí ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ lè sọ pé, "Ojú mi mọ́, kí ni à ń fi áyódìn ta mí lójú fún?" Mímọ́ fún ìrun yàtọ̀ sí kí kòkòrò má sí. Omi àlùwàlá a máa wẹ eruku kúrò, kì í pa ohun tí ń gbé ní ìdí irun ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ omi tún wá le sí i, nítorí pé dókítà lè sọ pé kí omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga má kan ojú náà fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ihò kékeré náà lè dí. Àwọn àgbàlagbà wa kan kò ní gbọ́. Wọ́n á ní kí ojú kúkú fọ́ sàn ju kí ìrun kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ dárúkọ aláìsàn nínú Súúrà Al-Máídà, ẹsẹ kẹfà, níbi tí ó ti ṣí ọ̀nà tàyámọ̀mù sílẹ̀. Kí ọmọ tí ó sin bàbá rẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ọjọ́ mélòó ni omi kò gbọdọ̀ kan ojú náà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ alfa bí bàbá yóò ti ṣe ìmọ́ra rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní ti tìróò, kí ó ṣì wà nínú àdó rẹ̀ ná.

Ibì kan tún wà tí ewu ti ń wọlé tí aláìsàn kò lè fi ojú rí: inú ìgò oògùn. Nítorí pé à ń pín ìgò Avastin kan sí síríńjì kéékèèké púpọ̀, bí ẹ̀gbin bá wọ ìgò kan, ó ti wọ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2011, ènìyàn 12 ní ìpínlẹ̀ Florida ní kòkòrò inú ẹyinjú láti ọ̀dọ̀ apòògùn kan ṣoṣo. Ní ọdún 2010, ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, ènìyàn 116 gba abẹ́rẹ́ ayédèrú, ó sì lé ní ìdajì wọn tí ojú wọn pọ́n tí ó sì wú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù ìríran ní Punjab ní ilẹ̀ Pakistan lẹ́yìn tí wọ́n gba irú oògùn tí wọ́n pín báyìí. Kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti béèrè ibi tí oògùn ti wá, ẹni tí ó pín in, àti bí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sí inú ẹ̀rọ amútutù. Àwa tí a mọ bí iná mànàmáná ti ń ṣe wá ní Ọ̀tà, ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe àṣejù.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọyún wọlé ńkọ́? Níbí ni ìtàn ti yí padà bí ẹni pé eré ni. Abẹ́rẹ́ kan náà tí ó gbé kòkòrò wọlé ni ó lè gbé ìwòsàn wọlé. Ní àwọn ọdún 1970, Dókítà Gholam Peyman, ọmọ bíbí Shiraz ní ilẹ̀ Ìránì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, wà lára àwọn aṣáájú tí ó fi hàn pé a lè fa oògùn apakòkòrò sínú ẹyinjú gan-an. Ní ọdún 1995, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 420 tí iṣẹ́ abẹ ojú bá sọ wọ́n sí wàhálà yìí fi hàn pé oògùn apakòkòrò tí a bá gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un; èyí tí a fà sínú ojú ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa nítorí ibí ni àwa ti ń ṣòfò ojú. Ìyá dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ọjọ́ kẹta ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n rán ọmọ sí kẹ́mísì àdúgbò, wọ́n ra kápúsù, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ apá, wọ́n ní kí ó sinmi. Kápúsù náà lè jẹ́ ojúlówó, kẹ́mísì náà lè jẹ́ olóòótọ́, kò sì ní dé ibi tí ọyún wà. Wákàtí ni ó ń lọ. Ká tó wá sọ ti ìtọ̀ tàbí omi ọyàn tí àwọn kan ń kán sójú, èyí tí ń fi kòkòrò kún kòkòrò.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú lè ta ènìyàn nítorí áyódìn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè dúró nínú funfun ojú, ènìyàn sì lè máa rí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tí ń léfòó bí eṣinṣin. Ìwọ̀nyí máa ń dín kù. Ohun tí kì í ṣe eré ni ìrora tí ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, pàápàá láti ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ìríran tí ó dára lánàá tí ó di bàìbàì lónìí. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣeé wò. Ojú tí ó pọ́n tí ìpéǹpéjú sì wú. Èyíkéyìí nínú wọn tó láti dìde lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹni tí ó ti rin ọ̀nà Itele sí Ayobo nígbà òjò mọ ohun tí "dìde lọ́jọ́ náà" túmọ̀ sí. Láti ibí dé Ìdí-Àràbà ní Èkó, tàbí dé Abẹ́òkúta ní apá kejì, gbogbo òwúrọ̀ lè bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá sin aláìsàn lọ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí ó ti gba nọ́ńbà tí wọn yóò gbé bí ó bá di òru, kí ó ti mọ ilé ìwòsàn tí ó ní oníṣègùn ojú lọ́jọ́ ìsinmi, kí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sì ti wà lápá kan nínú ilé títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi yí po. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gún lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí irinṣẹ́ ojú kìíní yàtọ̀ sí ti ojú kejì, kí áyódìn tún padà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni ó wà lórí àga.